Ẹ má sọ fún àwọn ènìyàn pé àfi kí wọ́n háyà mọ́tò kí wọ́n tó lè rí Mallorca

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe làálàá kí ìwé ìròyìn lédè Yorùbá má bàa kú mọ́ wa lójú. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ gbé jáde lójú ewé ìrìn-àjò yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Erékùṣù Mallorca ni ẹni tó kọ ọ́ ń ṣàlàyé, èyí tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Spéìn nínú Òkun Mẹditaréníà, ó sì kọ ọ́ dáadáa títí ó fi dé ibi tó ti sọ pé bí ènìyàn bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní Palma, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó lọ háyà mọ́tò, nítorí pé ẹni tí kò bá ní mọ́tò lọ́wọ́ kò lè rí nǹkan kan níbẹ̀ ju etíkun lọ. Ibẹ̀ ni èmi àti òun ti pínyà. Ọdún 23 ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní ìlú London kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti dé Mallorca lẹ́ẹ̀mejì, mo háyà mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, mo wọ ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìgbà tí mi ò ní mọ́tò lọ́wọ́ ni mo tó fi ojú mi rí erékùṣù náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí mo fi mọ́tò ṣe. Ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì nígbà náà. Pápákọ̀ òfurufú ni èmi àti ìyàwó mi ti háyà mọ́tò kékeré kan, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni àwa náà gbọ́. Ọ̀nà etí òkun tó ti Valldemossa lọ sí Deià la gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ma-10, tó lọ́ mọ́ ara òkè bí ejò. Ìyàwó mi ń sọ pé, "Ẹ wo òkun! Ẹ wò ó lọ́wọ́ òsì yín nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún!" ṣùgbọ́n n kò lè yí ọrùn, nítorí ògiri òkúta wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọn oníkẹ̀kẹ́ wà níwájú, bọ́ọ̀sì ńlá kan sì ń yọ bọ̀ láti inú kọ́nà. Níbi tí mo ti ń yà fún bọ́ọ̀sì náà ni jígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ti ha mọ́ ògiri. Nígbà tí a dé Deià, a ò rí ibi páàkì sí. A la abúlé náà kọjá, a yí padà, a tún là á kọjá, nígbà tó sì di ẹ̀ẹ̀kẹta a bá ọ̀nà wa lọ láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni torí Deià gan-an la ṣe jáde nílé lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ tó háyà mọ́tò fún wa, tí mi ò ní dárúkọ, dúró títí a fi padà dé London kó tó gé owó lórí káàdì mi nítorí ìlà kan ṣoṣo tó wà lára jígí yẹn. Owó náà dùn mí. Èyí tó wá dùn mí jù ú lọ ni pé nígbà tí àwọn ọmọ wa bi mí pé báwo ni òkun ibẹ̀ ṣe rí, ìyàwó mi ló dá wọn lóhùn.

Nígbà tí a tún máa padà lọ, ní oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo sọ fún un pé ẹlòmíràn ni yóò wa ọkọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bọ́ọ̀sì A1 ló gbé wa láti pápákọ̀ òfurufú dé gbàgede Plaça d'Espanya láàrin ìlú Palma, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀nà erékùṣù náà ti pàdé. Lábẹ́ ilẹ̀ gbàgede yìí ni ibùdó ńlá àwọn bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ìjọba wà. Lókè ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ilé kékeré kan wà tí ẹni tó bá ń kánjú lè rìn kọjá láì kíyè sí i. Láti inú ilé kékeré yẹn ni rélùwéè Sóller ti ń gbéra, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lé e lórí, nítorí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yín kò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Inú àfonífojì ni ìlú Sóller wà. Àwọn òkè Serra de Tramuntana, tí ṣóńṣó èyí tó ga jù nínú wọn lé ní mítà 1,400, yí i ká débi pé láyé àtijọ́ ó rọrùn fún ará Sóller láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Faransé ju kó gun òkè kọjá lọ sí Palma tó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ọsàn ni wọ́n ń gbìn. Ọsàn náà ni wọ́n ń dì sínú ọkọ̀ lọ tà ní àwọn èbúté ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ wọn sì ń tẹ̀lé ọjà lọ, wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù èso sí ìlú onílùú, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé, èyí tí kò ṣàjèjì sí àwa tí a wà lókè òkun. Nígbà tí wọ́n pinnu pé àwọn fẹ́ rélùwéè, wọn ò káwọ́ gbera kí ìjọba Madrid wá ṣe é fún wọn. Àwọn ọmọ ìlú ló dáwó jọ tí wọ́n ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà, Jeroni Estades ló ṣáájú wọn, ẹnjiníà tó ń jẹ́ Pere Garau sì ya ọ̀nà tí yóò gba inú òkè kọjá dípò kó yí òkè po. Ihò 13 ni wọ́n lù já, èyí tó gùn jù nínú wọn, lábẹ́ òkè Alfàbia, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 3. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1912 ni wọ́n ṣí i. Èédú ló ń jó nígbà náà. Ní ọdún 1929 wọ́n fi iná mànàmáná sí i, àwọn ọkọ̀ onígi tí wọ́n ṣe fún un lọ́dún yẹn ló sì ṣì ń fa èrò títí dòní. Kìlómítà 27 ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Ojú irin rẹ̀ kò fẹ̀ ju mílímítà 914 lọ, ó fún ju ojú irin àtijọ́ tí a mọ̀ láti Ìdó dé Ìbàdàn lọ, èyí tó jẹ́ mílímítà 1,067.

Bí ó ti gbéra, àárín títì ló kọ́kọ́ gbà, mọ́tò ń dúró fún un bí ìgbà tí ọmọdé bá ń yà fún àgbà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí pápá, igi ọlífì àti igi álímọ́ńdì lọ́tùn-ún lósì, títí ó fi dé Bunyola ní ẹsẹ̀ òkè. Pákó dídán ni ara ọkọ̀ náà nínú, idẹ ni àwọn ọwọ́ tí ènìyàn ń dì mú, ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò sì ti fá wọn títí wọ́n fi ń dán bí òrùka. Ìyàwó mi rọ gíláàsì fèrèsé sílẹ̀. Kò pẹ́ tí òkè fi gbé wa mì. Òkùnkùn ṣú, otútù inú àpáta fẹ́ sí wa lójú, ariwo irin gba gbogbo ibẹ̀, ọmọ kékeré kan tó jókòó níwájú wa sì ń ka ení èjì lédè tiwọn, bóyá ó fẹ́ mọ iye tí òun yóò kà kí ìmọ́lẹ̀ tó padà. Ó kà á pẹ́. Nígbà tí a jáde sí òdìkejì, ohun gbogbo ti yí padà: òkè ti dúró yí wa ká, ìlú Sóller wà nísàlẹ̀ pátápátá bí ẹni da ilé sínú awo, ilé ìjọsìn rẹ̀ láàrin, ọgbà ọsàn sì yí ìlú náà po. Rélùwéè kò lè já ṣòòrò lọ bá a. Ó ní láti máa yí, ó gba orí afárá olójú márùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní Cinc Ponts, ó tún wọ ihò, ó tún jáde, tí ènìyàn bá sì yọrí, yóò rí iwájú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí tó ń tẹ̀ lọ nínú kọ́nà. Òórùn òdòdó ọsàn gba ojú fèrèsé wọlé kí a tó rí igi rẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún 23 wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn, n kò ní ohunkóhun tí mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ tàbí tí mo gbọ́dọ̀ yí lọ́jọ́ náà, mo kàn ń wò ni.

Kí ènìyàn má ṣe sáré jáde ní ibùdókọ̀ Sóller. Nínú ilé ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn iṣẹ́ amọ̀ tí Picasso ṣe àti àwọn iṣẹ́ Joan Miró, àwọn olókìkí ayàwòrán ọmọ Spéìn, sí, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

Iwájú ibùdókọ̀ yìí náà ni ọkọ̀ tráàmù ti ń gbé èrò lọ sí etí òkun, ní Port de Sóller, ìrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 5. Ìtàn tó bí i dùn mọ́ mi. Òfin ìgbà náà sọ pé rélùwéè tí kò bá tó kìlómítà 30 kò ní rí ìrànlọ́wọ́ owó gbà lọ́dọ̀ ìjọba, 27 sì ni tiwọn. Ni àwọn ará Sóller bá fi ojú irin tráàmù kún un títí dé èbúté, ó sì pé. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1913 ni tráàmù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan nínú rẹ̀ kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ lára ènìyàn bí wọ́n ṣe ń gba àárín ọjà, ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn Sant Bartomeu àti ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé kọjá. Ibì kan wà tí títì ti fún, ẹnì kan sì ti páàkì mọ́tò sí bèbè ojú irin. Awakọ̀ tráàmù lu agogo lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó jáde. Ó fa bíréèkì rẹ̀, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká jígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà wọnú bí ẹni ká etí ọmọ rẹ̀, ó wo àlàfo tó kù, ó gòkè padà, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá láìfara kàn án. Mo wo gíláàsì mọ́tò yẹn bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àmì ilé iṣẹ́ tó ń háyà mọ́tò ló wà lára rẹ̀. Mo rántí jígí tiwa. Ìyàwó mi náà rántí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.

Kí n má tan ẹnikẹ́ni jẹ, rélùwéè Sóller kì í ṣe ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ni ín, káàdì ìrìnnà ìjọba kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ti bọ́ọ̀sì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn arìnrìn-àjò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ báyìí, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ihò tí mọ́tò ń gbà lábẹ́ òkè ní ọdún 1997, bọ́ọ̀sì 204 ni ará Sóller tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Palma máa ń wọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ènìyàn san ti àlọ nìkan, kó fi rélùwéè lọ, kó sì fi bọ́ọ̀sì 203 bọ̀.

Bọ́ọ̀sì 203 yìí ni ọ̀rọ̀ mi gan-an. Port de Sóller ló ti ń gbéra, ó ń gba Sóller, Deià àti Valldemossa wọ Palma, ọ̀nà Ma-10 tí mo ti há mọ́ lọ́jọ́sí náà ló sì ń gbà. Àyè tí mo ti lè máa rí awakọ̀ ni mo jókòó sí, nítorí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kan kì í lè gbójú kúrò lára ẹni tó ń ṣe é dáadáa. Obìnrin ni, kò tíì lè ju ẹni ogójì ọdún lọ. Kó tó dé kọ́nà tí kò ti lè rí iwájú, yóò ti dín ìyára kù, yóò tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, yóò sì gbé imú bọ́ọ̀sì jáde síta kó tó yí i, kí ìdí rẹ̀ má bàa fa ògiri. Nígbà tí a bá àwọn oníkẹ̀kẹ́ lórí òkè, kò fi fèrè lé wọn. Ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ọ̀nà fi fẹ̀. A pàdé bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi tó fún jù. Òun ló fà sẹ́yìn díẹ̀, èkejì kọjá, wọ́n gbé ìka kan ṣoṣo kúrò lórí sítíárì láti kí ara wọn, ó parí. N kò rí ẹni tó ń wakọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, mo sì sọ fún un nígbà tí a máa sọ̀kalẹ̀. N kò mọ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì mi yé e, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni di sítíárì mú tí mo sì fi ọwọ́ lu àyà mi, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí mi, a bọ ara wa lọ́wọ́.

Deià la ti sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé orí òkè níbi tí ilé ìjọsìn àti itẹ́ òkú wà, níbi tí wọ́n sin Robert Graves, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sí ní ọdún 1985, a sì jókòó sórí ògiri. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ìyàwó mi ń pè mí sí lọ́jọ́sí: òkun, àti àwọn ilẹ̀ oko tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn láti orí òkè wá sísàlẹ̀, tí wọ́n fi òkúta lásán mọ ògiri wọn, láìsí amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì láàrin, igi ọlífì lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀ láti ìrandíran yìí wà lára ohun tí àjọ UNESCO tìtorí rẹ̀ fi gbogbo Serra de Tramuntana sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2011. Bọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé e la wọ̀ lọ sí Valldemossa, níbi tí Chopin olórin ti lo ìgbà òtútù ọdún 1838 mọ́ 1839. Kò sẹ́ni tó béèrè owó páàkì lọ́wọ́ wa ní ìlú méjèèjì.

Owó sísan kò nira. Pupa àti ìyeyè ni àwọ̀ àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti ìlú dé ìlú yìí, káàdì báǹkì lásán ni ènìyàn ń fi kan ẹ̀rọ bó bá wọlé, yóò tún fi kàn án bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì ṣírò ibi tó rìn dé. Ẹni tó bá gbàgbé láti fi kàn án nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ yóò sanwó kọjá ibi tó lọ. Láti ọdún 2023 ni ará erékùṣù tó bá ní káàdì ìrìnnà tiwọn kì í sanwó mọ́ rárá, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi bá ọmọ ilé-ìwé, òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti ìyá arúgbó tó ń ti ọjà bọ̀ nínú rẹ̀. Rélùwéè ìjọba tún wà láti abẹ́ Plaça d'Espanya lọ sí Inca, Sa Pobla àti Manacor, ó sì ń dúró ní Sineu tí wọ́n ń ná ọjà rẹ̀ ní ọjọ́rú. Ìṣòro wà, n kò ní sẹ́ ẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀sì 203 a máa kún, awakọ̀ á sì fi èrò sílẹ̀ ní ibùdókọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára kí ènìyàn jáde, kó sì ti mọ aago tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn máa gbéra. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ mẹ́ta, tàbí tó gba ilé sínú oko níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé, n kò bá a jà bó bá háyà mọ́tò.

Àmọ́ mo mọ ohun tó sábà máa ń wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láàrin àwa Yorùbá, n ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A ti gbà lọ́kàn wa pé ẹni tí kò rọ́wọ́ mú ló ń wọ bọ́ọ̀sì, àti pé bí ènìyàn bá ná owó dé òkè òkun tán tó wá lọ tò sí ibùdókọ̀, ó ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bú. Ó sì tún kan àwọn onílé tí a lọ bá. Ní ọdún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá ènìyàn ló tú jáde sí ìgboro Palma, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn pé àlejò ti pọ̀ ju ohun tí erékùṣù àwọn lè gbà lọ, pé owó ilé ti kọjá agbára àwọn ọmọ onílẹ̀, pé ojú ọ̀nà ti dí. Àlejò tó wọ bọ́ọ̀sì jókòó sí àyè kan péré. Èyí tó háyà mọ́tò gba àyè lójú títì, ó gba àyè ní páàkì, ó sì lè dá tráàmù tí àwọn ará Sóller fi owó ọsàn wọn là dúró, bí mo ṣe fi ojú mi rí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nígbà mìíràn tí ojú ewé ìrìn-àjò yín bá ń sọ̀rọ̀ Mallorca tàbí erékùṣù mìíràn, kí ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ sì bá wa rán àwọn òǹkàwé létí pé ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Spéìn àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kódà bó bá ń gbé ní Bìrìtìkó, nítorí mo ti rí ẹni tí wọ́n dá padà ní pápákọ̀ òfurufú London pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́, ó ní mo ti gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì jù: bí ẹ bá ń ti Sóller bọ̀ nínú 203, apá ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí.

Èmi ni,
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Peckham, London.